Owó Àìsàn Olùtọ́jú Ọmọ: Gbèsè Ni, Kì í Ṣe Sàráà

KÙTÚBÀ KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó dá ènìyàn ní aláìlágbára, tó sì fi àánú Rẹ̀ gbé e ró. A ń dúpẹ́ fún Un, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àyàfi Ọlọ́hun Ọ̀kan ṣoṣo, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrúsìn Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Ẹ̀san.

Ẹ̀yin ìjọ onígbàgbọ́ òdodo, mo ń rọ ara mi kí n tó rọ ẹ̀yin pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kò pin sórí ẹní ìkírun. Ó ń bá wa délé, ó ń bá wa wọ yàrá àwọn ọmọ wa, ó sì ń wo ọwọ́ wa nígbà tí a bá ń ka owó fún ẹni tó bá wa ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí. Bàbá ń jí lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ nígbà tí oòrùn ti yọ. Ìyá àgbà tí ìbá gbé ọmọ sẹ́yìn wà ní Ìbàdàn tàbí ní Ìlọrin. Àwọn bàbá wa ní ojú kan ní ń bí ọmọ, igba ojú ní ń wò ó. Níhìn-ín, owó la fi ń wá ojú kejì. A ń gba arábìnrin kan láti wá bá wa tọ́jú ọmọ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kò sí èèwọ̀ nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ni a ń ṣe nígbà tí àìsàn bá dá arábìnrin náà dùbúlẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò yẹ kí alùfáà máa wá ẹlẹ́ṣẹ̀ kiri nígbà tí òun wà nílé.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti ìyàwó mi gba arábìnrin kan tó ń wá ní ọjọ́ Àtìní, Tàlátà àti Àlàrùbá. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ọmọ wa. Ní ìgbà òtútù kan, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ibà sì gbé e dè fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó pè wá lórí fóònù pẹ̀lú ohùn tí kò já gaara, ó ní kí á má bínú. Mo dá a lóhùn pé kò sí ìbínú níbẹ̀, kí ó lọ sinmi, mo sì ṣe àdúà fún un. Mo rò pé mo ti ṣe ohun tí Mùsùlùmí ń ṣe. Nígbà tí oṣù parí, mo yọ owó ọjọ́ mẹ́fà kúrò nínú owó rẹ̀. Nígbà tó rí owó náà, ó ní, “Ẹ ṣé, Àlùfáà.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún kejì, èmi náà ṣàìsàn. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin sùn sílé. Nígbà tí oṣù parí, owó mi pé. Kò sí ọ̀gá kan tó pè mí láti sọ pé òun ṣe mí lóore, n kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀tọ́ mi ni. Ìwé owó-oṣù yẹn wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ohùn arábìnrin náà padà sí mi létí. Mo bi ara mi pé: ta ló sọ pé ẹ̀tọ́ ni fún mi, tí kò jẹ́ ẹ̀tọ́ fún un?

Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ òfin. Nígbà náà, òfin kì í ka ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ mọ́ owó àìsàn, nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta nínú mẹ́fà yẹn ni òfin fi lé mi lọ́rùn. Mo wá a lọ sí apá kejì ìlú níbi tó ti kó lọ, mo san owó ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo sì tọrọ àforíjìn. Ohun tó sọ fún mi ni kò jẹ́ kí n gbàgbé. Ó ní, “Àlùfáà, ní ọjọ́ Àtìní ọ̀sẹ̀ kejì yẹn, mo ti wọ aṣọ láti máa bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Òòyì ló dá mi padà lẹ́nu ọ̀nà. Owó ilé ni mo ń rò.”

Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Díẹ̀ ló kù kí ẹni tí ibà ń ṣe gbé ọmọ mi lọ́wọ́, kí ó sì máa bá a sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, nítorí pé èmi, bàbá ọmọ náà, ti sọ ìsinmi di ohun tí apá rẹ̀ kò ká.

Ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ni ẹ̀sìn wa sọ? Nínú Súrà Al-Maidah, ẹsẹ 1, Ọlọ́hun pa àwọn onígbàgbọ́ láṣẹ láti mú àdéhùn wọn ṣẹ. Nínú Súrà Al-Baqarah, ẹsẹ 233, Ó yọ̀ǹda fún òbí láti gba obìnrin mìíràn kí ó fún ọmọ wọn lọ́mú, ní ìwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti san ohun tí wọ́n fẹnu kò sí lọ́nà tó dára. Nínú Súrà At-Talaq, ẹsẹ 6, Ó tún sọ̀rọ̀ owó obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú, Ó sì ní kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gbìmọ̀ láàárín ara wọn pẹ̀lú dáadáa. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ owó ẹni tó ń tọ́jú ọmọ tóbi tó kí Ọlọ́hun sọ ọ́ kalẹ̀ nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Ànábì wa fúnra rẹ̀, inú ilé Halimah, ìyá tó fún un lọ́mú, ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀.

Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jíṣẹ́ pé àwọn ènìyàn mẹ́ta kan wà tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣe ẹjọ́ ní Ọjọ́ Àjíǹde. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó gba òṣìṣẹ́, tó jẹ àǹfààní iṣẹ́ rẹ̀ tán, tí kò sì san owó rẹ̀ fún un. Ta ni nínú wa ló lè dúró ní ilé ẹjọ́ tí Ọba Adájọ́ ti jẹ́ olùpẹ̀jọ́?

Ẹnìkan lè wí pé: “Àlùfáà, iṣẹ́ ni owó ń tẹ̀lé. Ní ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́, owó kí ni n ó san?” Ìbéèrè yìí ní ìtumọ̀, kò sì yẹ kí á fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Lóòótọ́, ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú ìgbanisíṣẹ́ ni pé owó ń dúró lórí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Ànábì kọ́ wa pé àwọn Mùsùlùmí ń dúró lórí májẹ̀mú tí wọ́n bá ṣe, àyàfi májẹ̀mú tó bá sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́ tàbí tó sọ ẹ̀tọ́ di èèwọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, owó àìsàn jẹ́ apá kan májẹ̀mú iṣẹ́, yálà a kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí a kò kọ ọ́. Òfin ìlú ló fi sí i, àwa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó gba òṣìṣẹ́. A ń gbé lábẹ́ òfin yìí, a ń jẹ àǹfààní rẹ̀ nígbà tí àìsàn bá kan àwa fúnra wa. Súrà Al-Mutaffifin bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ègbé fún àwọn tó máa ń gba òṣùwọ̀n kíkún nígbà tí wọ́n bá ń gbà, tí wọ́n sì ń dín in kù nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n fún ẹlòmíràn. Ẹni tó gba owó àìsàn tirẹ̀ ní kíkún lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, tó sì fi ti olùtọ́jú ọmọ rẹ̀ dù ú, kí ó lọ tún súrà náà kà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí òfin sọ, kí àìmọ̀ má baà di àwáwí wa.

Èkíní: ẹni tó ń wá sí ilé yín ní ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ yàn, tó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ là sílẹ̀ fún un, òṣìṣẹ́ yín ni lójú òfin. Bí ẹ tilẹ̀ pè é ní ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, orúkọ yẹn kò yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ẹ ń gbé ọmọ lọ bá ní ilé tirẹ̀, tó ń tọ́jú ọmọ oríṣiríṣi ìdílé. Oníṣẹ́ ara rẹ̀ nìyẹn sábà máa ń jẹ́.

Èkejì: òṣìṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí owó àìsàn bí òṣìṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún ti ní in. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2026, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó £125 lọ́sẹ̀ kò sí nínú ètò yìí, òfin kì í sì í san owó ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2026, wọ́n ti mú ìdènà méjèèjì yìí kúrò. Ọjọ́ kìíní tí àìsàn bá dá a dúró ni owó ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń gba £60 lọ́sẹ̀ pàápàá ti wọlé. Àwọn tí ìyípadà yìí gbà jù lọ ni irú arábìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ẹ̀kẹta: iye tí òfin ní kí á san lọ́sẹ̀ ní ọdún yìí ni £123.25, tàbí ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìpíndọ́gba owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì. Ọjọ́ tó máa ń wá ṣiṣẹ́ ni a ó pín in sí. Bí ó bá ń wá ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ £300, £123.25 ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Bí a bá pín in sí mẹ́ta, ó lé díẹ̀ ní £41 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí àìsàn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ń wá ní ọjọ́ méjì fún £100, ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ £80, ìyẹn £40 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Owó yìí lè máa tẹ̀ síwájú títí dé ọ̀sẹ̀ 28. Ìjọba kì í sì í dá a padà fún agbanisíṣẹ́. Láti inú àpò wa ni yóò ti jáde.

Ẹ̀kẹrin: fún ọjọ́ méje àkọ́kọ́, tí a ka ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tàbí ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti tó. Ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ẹ tó gbà á gbọ́. Bí ó bá kọjá ọjọ́ méje, ẹ lè béèrè ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ dókítà tàbí òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn tí òfin gbà láyè. Ẹ kò sì lè fi ipá sọ ọjọ́ àìsàn rẹ̀ di ọjọ́ ìsinmi ọdún rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: bí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún ìdílé méjì, gbèsè ìdílé kọ̀ọ̀kan wà lọ́rùn ìdílé náà. Ẹ má sọ pé àwọn tọ̀hún yóò san án.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, dájúdájú Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KÙTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ìjọ Mùsùlùmí, gbèsè ni ohun tí òfin àti májẹ̀mú fi lé wa lọ́rùn. A kì í fi gbèsè ṣe sàráà. Mo ní láti sọ èyí gbangba, nítorí àwọn kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àwọn lè ka owó tí àwọn fún olùtọ́jú ọmọ nígbà àìsàn mọ́ sàká àwọn. Kò tọ́. Sàká kò ṣeé fi san ohun tí ẹnìkan ti ní lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí á má ṣe fi ohùn olóore san án. Ẹni tó bá ń san gbèsè, tó sì ń retí kí a kúnlẹ̀ dúpẹ́, ti bu ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ náà kù bí ó tilẹ̀ san owó pé.

Lẹ́yìn gbèsè ni oore bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti rí i pé owó tí òfin là kalẹ̀ kéré púpọ̀ sí owó tí ẹni ọjọ́ mẹ́ta máa ń gbà. Ilé tó ń gbé kò dín owó rẹ̀ kù nítorí pé ó ṣàìsàn. Ẹni tí Ọlọ́hun bá fún ní àyè, kí ó fi díẹ̀ kún un. Nínú Súrà Al-Qasas, ẹsẹ 27, nígbà tí bàbá arúgbó ará Madyan ń gba Ànábì Musa síṣẹ́, ó dá ọdún mẹ́jọ fún un, ó fi méjì tó kù sí ọwọ́ Musa, ó sì sọ fún un pé òun kò fẹ́ ni ín lára. Bí agbanisíṣẹ́ onígbàgbọ́ ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ tún wo ìṣe Ànábì wa. Anas ọmọ Malik sìn ín fún ọdún mẹ́wàá, ó sì jẹ́rìí pé kò kan òun lára pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rí. Ọmọdékùnrin Júù kan náà wà tó máa ń ṣe ìránṣẹ́ fún un. Nígbà tí ọmọ náà ṣàìsàn, Ànábì kò rán ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí ilé wọn, ó sì jókòó níbi orí rẹ̀. Bukhari ló gbà á wá. Bí olórí ẹ̀dá bá lè rìn lọ kí ìránṣẹ́ rẹ̀ tí kò tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí nígbà náà, kí ló dé tí àwa kò lè pe olùtọ́jú ọmọ wa lórí fóònù láìbéèrè ọjọ́ tó máa padà wá? Ẹ̀tọ́ yìí kò sì mọ ẹ̀sìn. Bí arábìnrin náà jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, bí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ mìíràn, owó rẹ̀ kò yí padà.

Mo mọ̀ pé nǹkan kò rọrùn. Nígbà tí olùtọ́jú ọmọ bá ṣàìsàn, ẹ ó san owó tirẹ̀, ẹ ó sì tún wá ẹni tí yóò dúró dè é, tàbí kí ọ̀kan nínú yín fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ máa ya owó kékeré sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá ìdílé mìíràn nínú ìjọ yìí ṣe àdéhùn pé ẹ ó máa ran ara yín lọ́wọ́ bí ọ̀ràn bá dé. Kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni, ẹ jókòó ti ìṣirò: bí owó ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀tọ́ rẹ̀ bá ju agbára yín lọ, ẹ gba ọjọ́ méjì.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Súrà Al-Baqarah, ẹsẹ 282, kọ́ wa láti máa kọ gbèsè tó ní àkókò sílẹ̀, kí iyèméjì má baà wọlé. Òfin ìlú yìí náà ní kí òṣìṣẹ́ gba ìwé iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí ọ̀rọ̀ àìsàn sì wà nínú rẹ̀: ta ni yóò pè, ní aago mélòó, iye tí a ó san, àti ọjọ́ tí a ó san án. Ẹ fún un ní ìwé tó ń fi owó rẹ̀ hàn nígbà gbogbo tí ẹ bá sanwó. Owó tí a ń fi lé e lọ́wọ́ láìsí ìwé dà bí ẹni pé ó rọrùn fún tọ̀tún tòsì, ṣùgbọ́n ọjọ́ àìsàn ni òṣìṣẹ́ máa ń rí i pé òun kò ní ẹ̀rí kankan.

Ẹ̀yin arábìnrin wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, amáánà wà lọ́rùn tiyín náà. Ẹ má ṣe pe àárẹ̀ tí kò sí ní àìsàn, nítorí owó tí a fi irọ́ gbà kò ní ìbùkún. Ẹ tètè sọ nígbà tí ara kò bá yá, kí àwọn òbí lè rí ẹlòmíràn. Bí àìsàn bá sì ti wà lóòótọ́, ẹ má ṣe fi ìbẹ̀rù gbé e wá bá ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò ṣagbe.

Ẹni tó bá sì rántí nísinsìnyí pé òun ti yọ irú owó bẹ́ẹ̀ rí, bí mo ti yọ ọ́, ìtúúbá fún ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì kò pé pẹ̀lú ẹkún lórí ẹní nìkan. Ẹ wá ẹni náà. Ẹ san án. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Lónìí, a ṣì lè fi pọ́n-ùn san án. Ní ọjọ́ ọ̀la, iṣẹ́ rere wa ni wọn yóò gbà fún un.

Ìwọ Ọlọ́hun, foríjì wá, foríjì àwọn òbí wa àti gbogbo Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìwọ Ọlọ́hun, fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn tí kò ní fi àìsàn kankan sílẹ̀. Ìwọ Ọlọ́hun, dáàbò bo àwọn ọmọ wa, kí O sì san ẹ̀san rere fún gbogbo ọwọ́ tó ń gbé wọn nígbà tí a kò sí nílé. Fi halááli Rẹ tó wa kúrò nínú haráámù, má sì jẹ́ kí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ kankan kù sí wa lọ́rùn ní ọjọ́ tí a ó pàdé Rẹ. Àmín.

Ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́hun, dájúdájú Ọlọ́hun ń pàṣẹ déédéé àti dáadáa. Ẹ rántí Rẹ̀, yóò rántí yín. Ẹ gbé ìrun dúró.